Píìnì Agbádá Teslim

Mọ́ńdè, 13 oṣù Kẹrin, 2020
Bàbá mi, télọ̀ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ti lẹ máàpù Èkó mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí wọ́n bá ti ní Kòrónà dé, píìnì olórí pupa ló ń gún síbẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá láìsí aláìsàn tuntun, á yọ ọ́. Ẹni tó bá ti ibi píìnì wá ò gbọdọ̀ wọ géètì wa. Ọ̀gá Máàpù!

Ìsoyìgì èmi àti Teslim di 6 oṣù Kẹfà.

Jímọ̀, 17
Píìnì dé Mushin. Ilé Teslim nìyẹn o! Ó ti sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlúpéjú.

Ọjọ́rú, 22
Píìnì dé Ìlúpéjú. T ti wà ní Yaba.

Àlàmísì, 23
Yaba náà. Ṣé T ni àbí àrùn ni píìnì yìí ń lé?

Àlàmísì, 30
Mo rí ibi tí Bàbá ti ń yọ píìnì tó ń gún sí máàpù. Agbádá ìsoyìgì T tó ń rán ni! Apá ọ̀tún ti já sílẹ̀. Mo pariwo. Ó ní, "Saidat, àrùn ń rìn, aṣọ jókòó sójú kan. Èwo ni ká máa lé?" Inú bí mi títí mo fi bú sẹ́rìn-ín.

Mọ́ńdè, 18 oṣù Karùn-ún
Mushin ti mọ́! Ìlúpéjú náà! T ti padà sílé. Píìnì ń padà sára agbádá, apá ọ̀tún ti dúró. Mo jó níwájú máàpù.

Jímọ̀, 22
Bàbá ti kó Kòrónà. Èsì àyẹ̀wò dé láàárọ̀. Àṣé ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ wo gbogbo ibi tó gún ní píìnì, kó má baà purọ́ mọ́ àdúgbò ẹni ẹlẹ́ni! Ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó gún píìnì sílé wa fúnra rẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Píìnì kan ṣoṣo ló kù lórí máàpù. Tiwa.

Ìyá Teslim pè láti Mushin. Wọ́n ní àwọn ò lè gba ẹni tó ti ibi píìnì wá.

Túsìdeè, 26
Ó ń wúkọ́ ṣáá. Ẹ̀rù ń bà mí.

Jímọ̀, 5 oṣù Kẹfà
Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Bàbá jáde, ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá, alihamudulilai. Mo sunkún. Ọrùn agbádá nìkan ló kù tí píìnì dì mú, ó ní òun máa rán an kí ilẹ̀ tó ṣú. T ti dé, ó dúró lẹ́yìn géètì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀la ti dé tán.

Bàbá na ọwọ́ sí píìnì ilé wa.

Mo wúkọ́.

Bàbá wò mí, ó wo T. Ó mú ọwọ́ kúrò. Ó lọ sídìí agbádá, ó yọ píìnì ọrùn rẹ̀, ó gún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀ lórí máàpù.