Ọjọ́ tí Mo Kọ́ Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé ní Òfin Títì

Ṣakété, ọjọ́ Jímọ̀

Nàfísátù ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà ní Gbégamey, ní Kútọ̀nú níbẹ̀. Ọkọ rẹ ńkọ́? Aṣọ tí ò ń tà ní ọjà Dantokpa ńkọ́, ṣé ọjà ń yá? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí oníbàárà rẹ yà sí ìsọ̀ ẹlòmíì. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àyàfi orúnkún mi tó bó, àti iyì mi tó bó jù ú lọ.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù lánàá, pé Ìbíjọkẹ́ tó ń ta tòmátì ti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, pé o ń bọ̀ ní Sátidé wá mú Islamiyat, pé ọmọ rẹ kò ní gbé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Gbogbo bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń mi orí pé mo jẹ̀bi, àṣé fóònù kì í gbé mímì orí dé Kútọ̀nú, o rò pé mo dákẹ́ sí ọ ni, o sì pa á. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí rán Mùílíù onítakisí sí ọ. Ìbíjọkẹ́ kò purọ́ rárá, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo máa sọ ọ́ fúnra mi.

Ràzáàkì, dìrẹ́tọ̀ ilé-ìwé Islamiyat, ló wá bá mi pé àwọn ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọn ṣe máa rìn lójú títì, nítorí eré àsápajúdé tí àwọn ọlọ́kọ̀ àti alálùpùpù ń sá. Ó ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀, èmi tí mo wa takisí lọ sí Kútọ̀nú fún ọgbọ̀n ọdún tí n kò kọlu ènìyàn kankan. Mo ní òótọ́ ni. N kò mẹ́nu ba ewúrẹ́ mẹ́ta yẹn, wọn kì í ṣáà ṣe ènìyàn. Lọ́jọ́ Túsìdeè mo wọ agbádá, mo gun alùpùpù mi, mo sì dé kásìkì, akoto tí ìjọba ní ká máa dé, lé orí fìlà, nítorí àgbà kì í ṣí fìlà kiri. Tẹ́lẹ̀ ọwọ́ ni mo máa ń gbé e kọ́ títí n ó fi rí ọlọ́pàá, mo rò pé torí wọn la ṣe ń dé e.

Níwájú ilé-ìwé, wọ́n ti fa ìlà funfun gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ sójú ọ̀dà. Mo kí dìrẹ́tọ̀ kú iṣẹ́ pé ó ti fa sáàfù, ìlà tí a ó tò sí kírun, sílẹ̀ de ìrun ọdún, ṣùgbọ́n pé kò kọjú sí gábàsì dáadáa. Ó wúkọ́. Mo wá sọ fún àwọn ọmọ pé ohun mẹ́ta ló gbé mi débi: fọn fèrè, wí bísímílà, kí o sì kí ẹni tó bá jù ọ́ lọ lójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin kékeré kan béèrè pé bíréèkì ńkọ́. Mo ní ẹni tí kò mọ fèrè fọn ló ń wá bíréèkì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mo sì rò pé ọgbọ́n mi ló dùn mọ́ wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo pàdé Islamiyat tó ń sọdá lórí ìlà funfun yẹn, ó na ọwọ́ sókè sí mi. Mo dé ilé, mo bá a wí. Mo ní láti ìgbà wo lèmi àtirẹ̀ ti di ẹgbẹ́, tó fi ń na ọwọ́ sí mi bí ẹni ń pe alákàrà? Mo ní ibikíbi tó bá ti rí bàbá rẹ̀ àgbà, ìkúnlẹ̀ ni. Ọmọ náà fẹ́ ṣàlàyé, mo ní kó má bá àgbà jiyàn.

Nàfísátù, ibẹ̀ ló ti burú. Ní ọjọ́ kejì mo ń sáré bọ̀ láti ọjà, ọmọ wà láàárín títì, ó na ọwọ́ sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti dá ọkọ̀ dúró. Bó ṣe rí i pé èmi ni, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà, ó kí mi kú àbọ̀. Èmi náà, kàkà kí n fa bíréèkì, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti súre fún un, nítorí a kì í fi òsì dá ìkíni lóhùn. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀hún ni bíréèkì wà. Ẹsẹ̀ mi sì gbàgbé pé bíréèkì kan wà lọ́dọ̀ òun náà. Ọlọ́run ló yí orí alùpùpù náà, mo wọnú tòmátì Ìbíjọkẹ́, kásìkì sì ti kọ́kọ́ ṣubú kí èmi tó ṣubú.

Ohunkóhun kò kan ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ojú sókè, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín títì, ó ń retí kí n dá a lóhùn. Mo jókòó sínú tòmátì, mo sunkún. Àwọn ènìyàn ní omi tòmátì ló ta sí mi lójú, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ la fi ń lọ sí ilé-ìwé. Òun ló ń di ọwọ́ mi mú, ó ní ẹ̀gbẹ́ tí a ó ti máa rí ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni ká máa gbà, ó sì ní ká kọjá tán ká tó kí ẹnikẹ́ni. Mo ń gbọ́ràn. Ilé-ìwé fún wa ní ìwé kan láti buwọ́ lù pé a ò ní sáré mọ́, mo buwọ́ lu gbogbo àyè tó wà níbẹ̀, títí kan àyè dìrẹ́tọ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi wá owó tòmátì Ìbíjọkẹ́. Agbọ̀n kan ni, ó ń búra pé méjì ni, san méjì. Fi owó bàtà ènìyàn méjì tó ń rìn lójoojúmọ́ kún un. Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wà nínú àpòòwé yìí. Mú kọ́kọ́rọ́, kí o fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Bí o bá rò ó tí o rí i pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ló dára, mú un, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, ohùn ọmọ yìí nìkan ló kù tó ń jí mi nínú ilé yìí.

O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ohun tí o bí kò ní sin ọ́ ní gbèsè ẹkún.

Èmi ni bàbá rẹ,
Búrẹ́mọ̀

Mo tún gbàgbé. Islamiyat ka ìwé yìí tán, ó ní kọ́kọ́rọ́ alùpùpù kejì wà lábẹ́ ẹní mi. Mo ti fi òun náà sínú àpòòwé.