Ṣọ́ọ̀bù Méjì ni Mo Ń Ṣí Láràárọ̀

Ẹ̀yin ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ilé o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí Bàbá àti àwọn àbúrò mi. Ara wa le ní Àbújá, ọyẹ́ ló kàn ń la ètè wa.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí n kò wálé ọdún Iléyá. Mo ní iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi nìkan. Ọkùnrin Hausa kan, Málàm Garba, ló ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ta abọ́ ní ọjà Utako. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wá bá mi. Ó ní bí ilẹ̀kùn yẹn bá pẹ́ ní títì, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn, pé bí mo bá fẹ́ gbà á, kí a wó ògiri àárín. Tèmi há, oníbàárà méjì kò lè dúró pọ̀ níbẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó.

N kò tíì rò ó tán tí oníbàárà Málàm kan fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń wá ẹ̀wà. Mo pe ìyàwó Málàm, ó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, mo ṣí i, mo wọn ẹ̀wà fún un. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò jókòó pinnu nǹkan kan. Àwọn tó ń ra oúnjẹ máa ń tètè jáde ju àwọn tó ń ra abọ́ lọ, nítorí náà èmi tí ẹ máa ń fi omi jí ti di ẹni tó ń kírun àsùbáà tán tó sì ń wọ ọkọ̀. Ràlíátù ìyàwó mi bínú. Ó bi mí pé bó bá jẹ́ èmi ló dùbúlẹ̀, ta ni yóò ṣe é fún wa. Mo kàn sọ fún un pé mi ò lè kọjá níwájú ilẹ̀kùn yẹn mọ́ kí n má ṣí i. Òun náà ló padà ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn ní ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tún dé, ó bá ọjà tó ń lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Málàm padà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Apá òsì rẹ̀ kò tíì lè gbé nǹkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń falẹ̀. Mo dìde láti bá a wọn ìrẹsì, ó kí mi ní Hausa pé sànnu, ó ní kí n jókòó. Ó fi ọwọ́ kan wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, oníbàárà náà sì dúró dè é. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi tó há, mo ń nu abọ́ tí kò dọ̀tí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú mi.

Ìyá mi, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Bí ẹ bá ń ṣàdúà, ẹ fi apá Málàm kún un.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútáù