Àpótí Tó Wù Yín

Ẹ kú ulé o, Yèyé mi. Mo mọ̀ pé "ilé" ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n mo ti bẹ olóòtú pé kó fi tèmi sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, kí ẹ lè mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èmi gan-an ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí agbo ilé wa. Mo kúnlẹ̀ fún àwọn náà, orúnkún mi méjèèjì ló sì kanlẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ wọn. Mo kí gbogbo àwọn ìyàwó ilé. Mo kí Tíṣà, tó máa ń ka ìwé ìròyìn sí yín létí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán. Ẹ má fo ibì kankan.

Ìdí tí mo fi gba ọ̀nà ìwé ìròyìn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ lẹ́tà sí yín láti ìgbà òjò tó kọjá, Bàbá Àgbà ló sì ń kà á fún yín. Mo béèrè bóyá yàrá yín ṣì ń jò, ìdáhùn tí mo gbà ni pé gbogbo yín wà ní àlàáfíà, ẹ sì ní kí n kí ọkọ mi. Mo béèrè nípa ìdìbò tó ń bọ̀, wọ́n kọ ọ́ sí mi pé iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Mo rò pé ẹ ti ń gbàgbé nǹkan ni, inú mi sì bàjẹ́. Ìgbà tí Ìyá Bísí ará àdúgbò wa nílé kó obì tó ń tà dé Jọ́ọ̀sì níbí ni mo tó mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ àwọn ìbéèrè yẹn rí. Ibi tí kò bá wu Bàbá Àgbà nínú lẹ́tà mi, wọ́n ń fò ó. Ó dáa. Gbogbo ìjọ ni kó wá gbọ́ ọ báyìí.

Ara mi le, ọmọ ń dàgbà, ọkọ mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwakùsà. Òtútù ibí nìkan ni èmi àti ẹ̀ ò tíì rẹ́. Nígbà ọyẹ́, ìka mi kì í gbọ́ tèmi láàárọ̀. Mo ní láti yá iná kí n tó lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ṣòkòtò àwọn awakùsà ni mo ń rán jù, orúnkún rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ ya, torí náà orúnkún ni mo ń lẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Iṣẹ́ náà ń bọ́ wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni obìnrin tó wà ní yàrá kejì, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní mò ń lọ ulé, tàbí pé uṣẹ́ pọ̀ lónìí, ẹ̀rín ni yóò máa rín. Ó ní ṣé ẹnu mi ló wú ni. Mo ti wá ń sọ "ilé" fún un kí n lè ráyè, àmọ́ bí ó bá ku èmi nìkan lẹ́yìn máṣíìnì mi, mo máa ń sọ ọ́ bó ṣe yẹ, kó má baà sọnù lẹ́nu mi.

Ní ìpàdé ọmọ ìlú wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ ìdìbò ni wọ́n fi gbogbo ọ̀sán sọ. Gbogbo wọn gbà pé ìjọba yìí ń lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí, Alátùpà ni à ń pè wọ́n, torí àtùpà ni wọ́n yà sára àpótí ìbò wọn. Àwọn tó fẹ́ lé wọn lọ ya àkàbà sára tiwọn, àwọn Alákàbà nìyẹn. Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, mò ń gbọ́ ohun tí kálukú ń retí bí àwọn Alákàbà bá wọlé. Ọ̀kan ní owó orí yóò wálẹ̀. Òmíràn ní kòkó yóò gbówó lórí, wọn yóò sì yé fi òṣùwọ̀n rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Ẹnì kan tí àbúrò rẹ̀ kàwé ní kí wọ́n lé akọ̀wé kánsù lọ, kó sì tó sọ̀rọ̀ tán, gbogbo wa ti mọ ẹni tí yóò jókòó sórí àga náà. Bàbá kan tó ti pẹ́ níbí ju gbogbo wa lọ ní òun ò retí nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà má fi orúkọ ìlú wa ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ ní Ìkọ̀lé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá dìde, mo ní afárá wa ńkọ́.

Kò sẹ́ni tó bínú sí mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Alága fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí n jókòó, pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dìbò ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ ló sọ. Ní Òkè Ọya tí a wà yìí, obìnrin kì í dìbò. Ọkọ mi yóò dì í, alága yóò dì í, èmi kò ní ìwé. Mo jókòó. Ṣùgbọ́n ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ yín níbi tí mo jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìwé kà ni wọn yóò fún ní ìwé, èmi tí mo mọ̀ ọ́n kà ni wọn kò ní fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí tí ẹ kì í ṣe ará ìlú wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé afárá náà. Odò kan wà láàrin wa àti ọ̀nà Ìkọ̀lé. Nígbà òjò, ọkọ̀ kì í kọjá. Bí a bá fẹ́ gbé aláìsàn lọ sí Ìdó, èjìká ni wọ́n fi ń gbé e sọdá. Àwọn Alátùpà wá, wọ́n ní bí a bá lè kó òkúta jọ, àwọn yóò kọ́ afárá. A ṣe ọ̀wẹ̀. Àwọn ọkùnrin la igbó, àwọn obìnrin ru òkúta. Mo ti wálé láti wá bímọ nígbà náà, mo sì bá yín rù ú. Yèyé mi, ẹ rántí pé ẹ gba èyí tó tóbi lórí mi, ẹ gbé e lé orí ara yín. Òkìtì òkúta náà wà níbẹ̀ títí dòní. Ìyá Bísí ní koríko ti bò ó, àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn lórí ẹ̀. Ọmọ tó wà nínú mi nígbà náà ti ń lọ sí ilé ìwé.

Ọmọ náà ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìdìbò ìgbà yẹn fi dé. Orúkọ mi ò sí nínú ìwé wọn nílé, torí náà mo pọn ọmọ, mo dúró síta, mò ń wò yín bí ẹ ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Mo ń gbọ́ akọ̀wé ìdìbò tó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka Bíbélì, tó ń sọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan pé kó gba ìwé rẹ̀, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn, kó lọ fi sínú àpótí tó bá wù ú. Aṣọ ni wọ́n fi ká àpótí méjèèjì mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí ẹni tó wọlé ń ṣe. Ẹ wọlé, ẹ jáde, ẹ fi àtàǹpàkò tí yíǹkì bà hàn mí. A délé, ẹ tú ẹtí aṣọ yín, ẹ mú ìwé ìbò náà jáde. Ẹ fa àpótí aṣọ yín jáde lábẹ́ ibùsùn, ẹ tẹ́ ìwé náà sábẹ́ aṣọ òfì tí ẹ fi ṣègbéyàwó, ẹ sì pa ìdérí rẹ̀ dé. Mo béèrè ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ ní wọ́n ní uwé yín ni, wọ́n sì ní kí ẹ fi sínú àpótí tó wù yín. Ẹ ní ẹ wo àwọn méjèèjì tó wà lẹ́yìn aṣọ dáadáa, kò sí èyí tó wù yín nínú wọn. Àpótí yín ló wù yín.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́. Wọ́n sọ yín ní Ìyá Alápòótí. Bàbá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ dójú ti àwọn, torí wọ́n ti fi gbogbo agbo ilé wa ṣèlérí fún àwọn Alátùpà. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Ohun tí Ìyá Bísí wá bá mi sọ nìyí. Reluwé ló wọ̀ láti Ọ̀fà, kò tíì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní Bàbá Àgbà ti rí ọgbọ́n kọ́ nínú àṣìṣe yín. Bí Ìyá Alápòótí bá lè gbé ìwé jáde nínú ẹtí aṣọ láìsí ẹni tó rí i, gbogbo obìnrin agbo ilé lè gbé tiwọn jáde. Wọ́n ní kí kálukú di tirẹ̀ sétí aṣọ, kó mú un wá fún àwọn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kó gbogbo rẹ̀ wọlé lọ sínú àpótí alákàbà. Àwọn Alákàbà ni wọ́n ṣèlérí fún lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin tó bá kọ̀, kó má ṣe ké pe àwọn nígbà tí òjò bá ń jò lé e lórí. Gbogbo ilé ló mọ ẹni tí yàrá rẹ̀ ń jò.

Bàbá Àgbà, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ mi. Mo mọ èrò yín, kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ẹ ní àwọn tó ń bọ̀ yóò ka ìbò, wọn yóò rí i pé gbogbo wa la wà lẹ́yìn wọn, wọn yóò sì kọ́ afárá fún wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ sọ nígbà àwọn Alátùpà. Gbogbo ìlú kó sẹ́yìn wọn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn náà? Wọ́n ti ní wa ná. Ìlú tí kò dá wọn lójú ni wọ́n lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń da kọnkéré sí. Ìwé kan ṣoṣo tí wọn ò rí gbà lọ́wọ́ agbo ilé wa ni èyí tó wà nínú àpótí aṣọ ìyá mi, ẹ sì wá fẹ́ fi ọgbọ́n gba tirẹ̀ náà lọ́tẹ̀ yìí.

Mi ò gbà. Mi ò gbà kí ẹ gba ti ìyá mi, mi ò sì gbà kí ẹ gba ti ìyàwó ilé kankan tó ru òkúta. Ọrùn wọn ni wọ́n fi rù ú. Ẹ̀yin ò bá wọn rù ú, Bàbá Àgbà. Ẹ jókòó lábẹ́ igi ọsàn, ẹ ń ka ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ bínú. Mo ti rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́.

Ní ti yàrá tó ń jò, ọ̀rọ̀ ìyẹn ti tán. Mo ti fi ìṣó páànù rán Ìyá Bísí, ó wà nínú àpò tí mo fi àloku ṣòkòtò rán. Káfíńtà ará Ọyẹ́ tó kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ti gba iṣẹ́ náà, yóò sì gba Ìkọ̀lé kó páànù dání. Kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, yóò ti gun òrùlé yín. Orúnkún àwọn awakùsà ló san án. Yèyé mi, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìwé ìbò nítorí òjò.

Ẹ ó máa retí pé kí n sọ àpótí tí ẹ máa fi í sí. Mi ò ní sọ. Bí mo bá sọ ọ́, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti Bàbá Àgbà? Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá àwọn Alákàbà sàn ju àwọn Alátùpà lọ. Àwọn ọkùnrin ìpàdé wa ń retí owó orí, wọ́n ń retí kòkó, wọ́n ń retí àga akọ̀wé. Ohun tí èmi ń retí kéré sí ìyẹn. Mo fẹ́ kí ìjọba tuntun bẹ̀rù wa díẹ̀. Kó mọ̀ pé àwọn obìnrin kan wà lọ́nà Ìkọ̀lé tí kò sẹ́ni tó lè fi wọ́n ṣèlérí, kó sì wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Bí ó bá dé, ẹ mú un lọ síbi òkúta wa. Ẹ lé àwọn ewúrẹ́ kúrò lórí ẹ̀, kó rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìwé yín wálé mọ́. Èyí tó wà lábẹ́ aṣọ òfì yẹn kò sọ nǹkan kan fún wọn. Wọn ò mọ̀ pé ẹ kọ̀ wọ́n ni. Wọ́n rò pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fi ti ọ̀tẹ̀ yìí sínú ọ̀kan nínú méjèèjì, bí kò tilẹ̀ wù yín tán. Kí ẹ jáde pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kí ẹ gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ti ń dúró dè yín, kí ẹ sì kí Bàbá Àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Òjò ọdún yìí, ìta ni yóò ti máa rọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ mú ẹtí aṣọ wọn, kí wọ́n má di ìwé kankan sí i. Ẹ kí àwọn tó ń pè yín ní Ìyá Alápòótí, ẹ ní orúkọ náà dùn mọ́ mi báyìí. Bàbá Àgbà, bí mo bá wálé ní Kérésì, ẹsẹ̀ yín ni màá kọ́kọ́ wá bá. Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ kò fo ibì kankan.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ tọrọ, Yèyé mi. Bí ẹ bá wọ ẹ̀yìn aṣọ náà, ẹ má yára jáde. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé máa pè yín. Ẹ dúró pẹ́ tó bí èèyàn méjì ì bá ṣe pẹ́ níbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí wọn kò fún ní ìwé,

Ọmọ́táyọ̀