Ọlọ Inú Fàwáz Tí Mo Sin sí Ẹ̀pẹ́

Àlàrùba, ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ̀yin tí ẹ máa gbọ́ ohùn mi nínú fóònù yìí tí mi ò bá sí mọ́, ẹ pa rédíò, ẹ jókòó. Mi ò mọ̀wé. Waliyah ọmọ-ọmọ mi ló ní kí n máa tẹ ibi pupa, kí n máa sọ ohun tójú mi rí.

Wọ́n la inú Fàwáz ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lónìí, ní ọsibítù kan n'Íkòròdú. Ọlọ inú rẹ̀ — ẹran tó ń gbé abẹ́ ìhà òsì — ló wú. Àlejò ni mo ń pè é. Wọ́n yọ Àlejò. Nọ́ọ̀sì kó o sínú ike, ó da omi oògùn tó ń ta lójú sí i, ó gbé e fún mi. Ó ní, Màmá, ẹ gbé e lọ sí láàbù, òdìkejì ọ̀nà. Mo ní ó dáa. Mo gbé e lọ sílé.

Àyẹ̀wò kí ni? Ohun tí wọ́n ti yọ? Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó bá kúrò lára èèyàn, ilẹ̀ ló ni ín. Kúbúrá ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ. Kò rí mi.

Jímọ̀, ọjọ́ keje

Ẹ̀pẹ́. Mo da omi oògùn nù, mo fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ funfun wé e. Ùsmán àbúrò mi gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n kírun sí i lára ni? Mo ní kó gbẹ́lẹ̀, kó panu mọ́.

Ọkàn mi balẹ̀.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàlá

Dókítà bi Kúbúrá: èsì láàbù dà? Kúbúrá wò mí. Mo ní mo ti sin ín.

Dókítà jókòó. Ó ní ẹran yẹn nìkan ló lè sọ ohun tó mú un wú. Tó bá jẹ́ ibà tó pẹ́ lára ni, Fàwáz ti bọ́. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, kí oògùn ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ.

Kúbúrá ò bú mi. Ì bá bú mi.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

A hú u, mo gbé e lọ sí láàbù. Ùsmán ò ṣàwàdà.

Àtìní, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Dókítà Leah, ọmọ Ìlàjẹ, ló ń wo ẹran ní láàbù. Ó ní àárín ti rà, àmọ́ ara òde rẹ̀ tí omi oògùn ti mú ò bàjẹ́. Ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó pa á láró, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì. Mo ní àfi kí n fojú ara mi rí i. Ó rẹ́rìn-ín — Ìyá Ẹ̀pẹ́, ṣé ẹ tún fẹ́ gbé e sá ni?

Ti ẹlòmíì tó dáa ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Mo fojú sí ẹ̀rọ. Pupa ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ó rí bí àwọ̀n. Ó ní ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tó bá ti gbó, àwọ̀n á mú un. Láàárín pupa, aró ṣù jọ níbí, ó ṣù jọ lọ́hùn-ún, bí òjúoró lórí ọ̀sà Ipakodo, tómi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní sójà ara ló ń gbébẹ̀. Kí wọ́n má kúrò lójú kan ló dáa.

Ó pààrọ̀ gíláàsì. Ti Fàwáz.

Mo wá pupa, mi ò rí i. Mo wá àwọ̀n. Òjúoró ti bo omi — kò síbi tí ọkọ̀ máa gbà. Mo ní, ṣé ẹ ò gbé e sódì? Ó yí nǹkan kan lára ẹ̀rọ, ó ní kí n tún wò. Bákan náà ni. Leah tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ó ní kí n mú Kúbúrá wá lọ́la.

Mi ò tíì sọ fẹ́nì kankan. Kì í ṣe ibà. Gbogbo ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ ti máa loògùn, inú ilẹ̀ ni mo fi —

Kúbúrá ló ń ṣílẹ̀kùn yẹn. "Màmi, Fàwáz jẹ ẹ̀bà tán, ó tún ní kí n bu sí i. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"