Ìyálé àti Ìyàwó ní Ilé Iṣẹ́ Ọṣẹ

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ìyàwó dé – ẹ̀rọ tuntun tó ń gé ọṣẹ. Ó ń dán gbinrin. Ìyálé, ẹ̀rọ àtijọ́ tí bàbá mi ti ń tọ́jú kí wọ́n tó bí mi, ń han gooro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní ọ̀kan ló máa kù, òun àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Bàbá mi ò jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ọ̀gá pe oníṣirò kan wá. Ìpíndọ́gba ìwọ̀n ọṣẹ ò kàn án, ó ní. Ìfọ́nká lòun ń wá – bí ìwọ̀n ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń sá jìnnà sí àárín. "Ká ṣì gbà pé bákan náà ni ìfọ́nká àwọn méjèèjì, títí ìṣirò á fi já wa nírọ́." Á fi ìfọ́nká tó kéré pín èyí tó tóbi. Bí èsì bá ju nọ́ńbà inú tábìlì ẹ̀ lọ, wọn kì í ṣẹgbẹ́ nìyẹn; èyí tí ìfọ́nká ẹ̀ tóbi ló máa lọ. Mo ti sọ ọ́ ní Ká-Ṣì-Gbà.
Èmi ni màá wọn ọṣẹ.

Ọjọ́rú, 6
Mo wọn díẹ̀ wò. Ìwọ̀n ọṣẹ Ìyálé ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ti Ìyàwó ò mira.

Ọjọ́bọ̀, 7
Bàbá mi bèèrè. Mo sọ. "Ṣé òṣùwọ̀n ẹ ò mọ̀ pé bàbá ẹ ni mí ni?" Lẹ́yìn náà ó ń wá ọ̀bẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé iṣẹ́, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n ń fá ọṣẹ Ìyálé bí ẹni fárí ọmọ. Dírẹ́bà tó wà láàárín wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó dọ́gba jù o." Bàbá mi ní, "Ta lẹ rí tí wọ́n lé torí pé iṣẹ́ ẹ̀ dọ́gba jù?"
Gbogbo ọṣẹ ọ̀hún ti rù. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè – ìpíndọ́gba ò kan Ká-Ṣì-Gbà.

Ọjọ́ Ajé, 11
Ìfọ́nká Ìyálé: òdo. Òdo gbáko! Ká-Ṣì-Gbà fi pín ti Ìyàwó. Kakulétọ̀ kọ "àṣìṣe". Ó gbọ̀n ọ́n. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Òógùn bò ó. "A kì í fi òdo pín nǹkan, sà. Tábìlì mi ò débẹ̀." Ọ̀gá bi í pé kí ló wá túmọ̀ sí. "Ká ṣì..." Ọ̀gá ò dúró gbọ́. Ó ti lọ dì mọ́ Ìyálé. Gírísì kún àyà ẹ̀wù ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Wọ́n ti gbé Ìyàwó lọ. Ọ̀gá ti ṣèlérí fún gbogbo oníbàárà: láti òní lọ, ọṣẹ wa kankan ò ní fi irun kan ju èkejì lọ.

Ọjọ́rú, 13
Bàbá mi pọ́n ọ̀bẹ méjì. Ìkejì, tèmi ni.