Ẹnu Mi, Ara Mi, àti Oúnjẹ Tí Mo Sá Fún

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta kan. Orí ìkúnlẹ̀ ni kí ẹ fọkàn rí mi sí bí ẹ ti ń gbọ́ lẹ́tà yìí. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì àti ìyàwó wọn, mo sì kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á sí yín létí, torí mo mọ̀ pé gíláàsì ojú yín á tún ti sọnù. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mo gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwa obìnrin níbí. Ohun tó ṣe mí yìí ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa, ojú ló ń tì wá láti sọ ọ́. Ní tèmi, mo ti tijú tó.

Òtútù Ṣikágò ti dé, ara mi sì le, àlùhámúdùlílàhì. Ilé Ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ ni mo ṣì wà ní Richton Park. Àwọn ni obìnrin ará Ìlá tí mo sọ fún yín nípa wọn, Kìrìsìtẹ́nì tí kì í gbàgbé láti jí mi fún sààrì. Ibi kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Auburn Gresham, mọ́tò wọn la sì jọ ń gbé lọ láràárọ̀. Nígbà òtútù, kò sẹ́ni tó ń ṣí fèrèsé níbí. Ohun tí ẹ bá dín láàárọ̀, ẹ ó ṣì máa gbóòórùn rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Níbẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó béèrè àlàáfíà yín, kó tó wá sọ pé ọmọ ìyá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ṣàròyé. Ó ní tí mo bá tẹ̀ láti gbé ìyá òun dìde, òórùn àlùbọ́sà ni ẹnu mi máa ń mú wá, pé ara mi pàápàá ń rùn bí ọbẹ̀. Ọ̀gá ní òun ò bínú, kí n ṣáà wá nǹkan ṣe sí i. Ìyá mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń wẹ̀ lójúmọ́. Mo lọ jókòó sínú ilé ìwẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí mo délé, gbogbo ohun tó ń ta sánsán ni mo dá lẹ́bi. Mo pa àlùbọ́sà tì, mo pa aáyù tì, mo sì di irú tí ẹ fi ránṣẹ́ sínú ọ̀rá mẹ́ta, mo tì í sí ìsàlẹ̀ fíríjì bí ẹni tó jí i. Ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ wá gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ní obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn kì í jẹ oúnjẹ oníṣítáàṣì mọ́, pé ara rẹ̀ ti fúyẹ́, awọ rẹ̀ sì ń dán, pé bóyá á fọ inú èmi náà mọ́. Bí mo ṣe fi gààrí sílẹ̀ nìyẹn, mo fi ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì àti èso sílẹ̀. Ẹran, ẹyin àti wàràkàṣì ni mò ń jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Aṣọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára mi, inú mi sì ń dùn.

Àmọ́ mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Nínú òtútù tó ń jáni létí, Ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fèrèsé mọ́tò sílẹ̀ díẹ̀. Mo béèrè, wọ́n ní atẹ́gùn ni àwọn fẹ́. Mo ju ṣingọ́ọ̀mù sẹ́nu.

Nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, bàbá kan wà, aláwọ̀ dúdú ará ibí. Bàbá Wọ́kà ni mò ń pè wọ́n. Iṣẹ́ búrẹ́dì ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe. Ojú wọn ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n imú wọn pé ṣáṣá, òun ni wọ́n fi ń mọ nọ́ọ̀sì tó bá wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn nígbà tí wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ọmọ mi, mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o," wọ́n ní. "Ẹnu rẹ ń rùn bí èso tó pọ́n jù. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìyàwó mi ṣe rí kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Lọ rí dókítà lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la."

Àyà mi já. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí Àǹtí Sàláwà, àbúrò yín, fi ayé sílẹ̀, ẹnu wọn ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti ń bà jẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí nínú wa. Mo wá rántí pé òùngbẹ ti ń gbẹ mí, pé mò ń tọ̀ léraléra, pé orí ń fọ́ mi. Mo gbà pé tèmi ti dé. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ pè mí, tí mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Irọ́ ni mo pa. Bí mo bá gbọ́ ohùn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹkún ni ǹ bá bú sí.

Ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ ló gbé mi lọ. Dókítà gún mi níka, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó gba ìtọ̀, ó sì ní ká dúró. Ẹ̀gbọ́n ń ka Sáàmù lábẹ́nu, èmi ń ṣẹ́ tẹ̀súbáà, a ò wo ojú ara wa.

Nígbà tí dókítà padà wọlé, ó ní ṣúgà mi wà níbi tó yẹ kó wà, kò sí àrùn kankan. Ó wá bi mí léèrè ohun tí mò ń jẹ. Bí mo ṣe ń kà á fún un, ó fi bírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé bí ara ò bá rí oúnjẹ oníṣítáàṣì gbà, ọ̀rá tó ti kó pa mọ́ ló máa ń jó, òórùn ohun tó ń jó yẹn ló sì ń gba ẹnu jáde. Ó ní ibẹ̀ náà ni òùngbẹ, ìtọ̀ àti orí fífọ́ mi ti wá. Kì í ṣe ara eyín ló wà, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé ibẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti àlùbọ́sà àti aáyù: wọ́n ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á bá èémí àti òógùn jáde, ó sì lè tó ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lọ tán. Ó wò mí lójú, ó ní, "Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹni tó mọ́ tónítóní náà máa ń ní in." Ìyá mi, ọ̀rọ̀ yẹn wẹ̀ mí ju ọṣẹ lọ.

Ó ní kí n máa mu omi dáadáa, kí n máa fọ ahọ́n, kí n máa jẹ ápù tàbí ewé míǹtì lé oúnjẹ tó bá ní aáyù, kí n sì fi aáyù sí ọjọ́ tó bá ku ọ̀la kí n sinmi. Èmi fúnra mi ló rò ó dé ibi kóòtù mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì ni mò ń fi í kọ́ tẹ́lẹ̀, níbi tí gbogbo èéfín ọbẹ̀ ti ń bà lé e. Yàrá ló ń gbé báyìí.

Nígbà tí a dénú mọ́tò, Ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ jẹ́wọ́. Wọ́n ní ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí àwọn ti ń sé èémí láti Richton Park títí dé ibi iṣẹ́, pé àwọn ò sọ ọ́ torí kí n má baà tún sunkún, pé kí n dákun má bínú sí ìmọ̀ràn àwọn. Ẹ̀rín pa wá débi pé wọn ò lè ṣáná sí mọ́tò. Ìsinmi ni ọjọ́ kejì, mo sì se ilá, mo da irú sí i, mo ro ẹ̀bà gbígbóná. Mo jẹ ẹ́ títí òógùn fi bo imú mi.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, Bàbá Wọ́kà ní kí n mí sí àwọn lójú. Mo mí. Wọ́n fa imú, wọ́n ní, "O ti jẹun." Wọ́n wá sọ fún mi pé nítorí pé wọ́n tètè mọ ti ìyàwó àwọn, ọdún rẹpẹtẹ ló tún lò láyé. Ọ̀gá ò tún pè mí sí ọ́fíìsì láti ìgbà náà.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ìdí ògiri lẹ́yìn pátápátá ni mò ń dá dúró sí ní mọ́sáláṣí, kí ẹnikẹ́ni má baà fara kàn mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wọ àárín àwọn obìnrin. Ìyá kan sún mọ́ mi ní apá ọ̀tún, ọmọge kan ní apá òsì, èjìká wa kan ara wọn. Nígbà tí lèmọ́mù ka Fátíhà tán, mo la ẹnu mi gbàgà, mo sì ṣe Àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin àti Bàbá lọ yẹ ṣúgà wò. Ọlọ́hun yóò mú ẹ̀mí yín gùn, ẹ ó jẹun, á gbà yín lára, n óò sì bá yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé.

Èmi ni ọmọ yín, tó ti yó,
Ràfíátù