Olójú-Kan Inú Omi Wa

Ọjọ́ Ajé, 6 Fẹ́búárì 1899. Ọ̀mù-Àrán.

Sòbìà tún ti dá Ìyá mi dúbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kẹta rèé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ránṣẹ́ láti Arandun pé kí n gbé e wá, odò tiwọn ń ṣàn. Ìyá ní òun kò ní torí aràn fi ilé tí a sin bàbá mi sí sílẹ̀.

Mo bu omi àbàtà tí à ń mu sábẹ́ awò tí dókítà fún mi l'Ékòó. Ohun tó wí wà níbẹ̀: kòkòrò tíńtín, ojú kan ṣoṣo, ó ń fò kiri. Inú rẹ̀ ni ọmọ sòbìà ń gbé, a sì ń gbé e mì. Mo sọ ọ́ ní Olójú-kan. Bí aṣọ bá lè sẹ́ ẹ kúrò nínú omi, Ìyá ò lọ síbì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Fẹ́búárì.

Ìṣirò. Lábẹ́ awò, ìbú Olójú-kan jẹ́ ínṣì méjì. Awò ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10². Kí n fi 10² pín méjì, ó parí.

Ìyá yọ aṣọ funfun kan nínú àpótí, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, olówùú tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ka fọ́nrán rẹ̀: ihò kan jẹ́ 1 × 10⁻² ínṣì, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo fẹ́ kí Ìyá fojú ara rẹ̀ rí i. Mo to àgbàdo sílẹ̀ bí a ti ń ka owó ẹyọ—ogún lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ ogún. Irinwó. Mo fi pín méjì: 5 × 10⁻³. Ìdajì ihò. Yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyá kó àgbàdo náà fún adìyẹ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Fẹ́búárì.

Ìyá ń di ẹrù Arandun; ó ní bí aṣọ ò bá lè sẹ́ ẹ, òun á lọ. Ìrànwú rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi sínú agbọ̀n. Ó dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Fẹ́búárì.

Mọ́láyọ̀ aya mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ṣé Olójú-kan ti gbọ́ pé òun lè kọjá? Pé kí n da omi sáṣọ ná.

Mo dà á. Omi tó jò sílẹ̀ mọ́—mo wò ó títí, kò sí nǹkan kan. Mo gbé aṣọ fúnra rẹ̀ sábẹ́ awò. Olójú-kan rèé, ó há sẹ́nu ihò bí màlúù tó fẹ́ wọ ilé adìyẹ.

Mo padà sídìí ìṣirò. 10², mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá ni. Ọwọ́ mi ló gbé mi lọ sí ogún, bí a ti ń kà láti kékeré. Ọgọ́rùn-ún ni, kì í ṣe irinwó: 2 × 10⁻². Ìlọ́po méjì ihò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Ajé, 13 Fẹ́búárì.

Mo sọ fún Ìyá pé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yóò jáde, aṣọ yóò sì dènà ti ọdún tó ń bọ̀. Kò béèrè ìṣirò. Ó ní, aṣọ yìí gan-an? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá ní aṣọ tí òun hun pamọ́ kí a fi sin òun ni. Mo ní kí a wá òmíràn. Ó ti mú ọ̀bẹ. Ó gé e wẹ́wẹ́, ọ̀kan fún ìkòkò wa, ìyókù fún gbogbo agbo ilé.

Ó ní kí n bá òun tú ẹrù, kí n kọ́kọ́ yọ ìrànwú. Ó ní ikú á ní sùúrù kí òun hun òmíràn.